Kí ló yẹ ká wò kí wọ́n tó yọ eyín fún wa? Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ eyín ló gbé mi wá. Akokoro ti ń da ìyá ọkọ mi láàmú fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ti lo Alábùkún, wọ́n ti fi omi iyọ̀ yọ́ ẹnu, wọ́n ti ki kànáfùrù bọ ojú ihò rẹ̀, kò gbọ́. Wọ́n ti wá gbà báyìí pé kí a yọ ọ́.

Ilé ìwòsàn eyín kan wà tí kò jìnnà sí wa. Wọ́n kun ibẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, ìjókòó rọ̀. Àmọ́ bí a ṣe ń dúró kí wọ́n pe orúkọ wa, ilẹ̀kùn inú ṣí, mo sì rí ọmọbìnrin kan tó ń fi omi inú abọ́ ṣan irinṣẹ́. Ó nù ún, ó tò ó padà sórí àwo, wọ́n sì ní kí ẹni tó kàn wọlé. Mo sọ fún màmá pé ká máa lọ ná. Mi ò lè sọ pé wọ́n jẹ̀bi, nítorí mi ò mọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí irinṣẹ́ náà kí n tó rí wọn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn lè wò tó fi máa mọ̀ pé ibi tí òun wà dára?

Ọmọ Ọ̀wútù

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka eyín ní Jẹ́nẹ́rà, ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ tètè jáde nílé, èrò máa ń pọ̀, àmọ́ dókítà tó kàwé rẹ̀ lẹ máa bá níbẹ̀.

Alájà Sábó

Mi ò kọ Jẹ́nẹ́rà o, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bíi pé gbogbo ti àdáni ló burú. Ti àdáni ni èmi ń lọ. Kí obìnrin tó ń tọ́jú mi níbẹ̀ tó fọwọ́ kàn mí, ó mú irinṣẹ́ jáde nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, ó ní, “Màmá, ẹ wò ó kí n tó ya á.” Ojú mi báyìí ló ṣe ya á. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí n wò lára rẹ̀, àmọ́ ara tù mí pé ó fi hàn mí. Ta ló lè ṣàlàyé ọ̀rá yẹn fún wa?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ẹ̀bútẹ́

Alájà, ẹni tó fi ọ̀rá yẹn hàn yín mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo bá àwọn dókítà eyín ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìtọ́jú irinṣẹ́ sì ni apá tí wọ́n fi síkàáwọ́ mi jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Irinṣẹ́ tó bá ti wọ ẹnu èèyàn ti kan itọ́, ó sì ṣeé ṣe kó ti kan ẹ̀jẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, torí bí ẹ̀jẹ̀ bá gbẹ mọ́ ọn lára, ooru kò ní dé abẹ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ni Ìyá Ìbejì rí. Kò sóhun tó burú nínú fífọ̀. Ohun tó burú ni pé kí wọ́n fọ̀ ọ́ tán kí wọ́n sì gbé e fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn fífọ̀, a ó gbẹ ẹ́, a ó dì í sínú ọ̀rá, a ó wá kó o sínú autoclave. Ẹ̀rọ yìí máa ń ti ooru omi mọ́ inú títí ooru náà yóò fi gbóná ju omi híhó lọ. Bó bá dé 121°C, ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bó bá jẹ́ 134°C, ìṣẹ́jú 3 tó. Àkókò tó fi ń gbóná àti èyí tó fi ń tutù, tó sì fi ń gbẹ, kò sí nínú iye yẹn. Ẹ rò ó wò: bí ilé ìwòsàn kan bá ní ẹ̀mú ìyọyín kan ṣoṣo, tí ẹni kan jáde tí òmíràn sì wọlé lójú ẹsẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n ráyè sè é? Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yìí: “Ṣé irinṣẹ́ yín tó láti fi gba gbogbo èrò òní?” Ẹni tó ní i tó kò ní bínú.

Ọ̀rá tí Alájà rí ní àmì kékeré kan lára. Àwọ̀ àmì yẹn máa ń yí padà tó bá ti jẹ ooru, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sára ọ̀rá náà pé àwọ̀ báyìí ló yẹ kó dà. Ẹ wo àmì náà, ẹ wo ẹnu ọ̀rá bóyá ó ṣì lẹ̀, ẹ wò ó bóyá inú rẹ̀ gbẹ. Ọ̀rá tó ya tàbí tó rin kò ṣeé lò mọ́, kódà bí àmì rẹ̀ bá ti yí padà, nítorí kòkòrò ti lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé àmì yẹn nìkan. Ohun tó ń sọ ni pé ooru kàn án. Bóyá ooru náà tó, ó dọwọ́ ìdánwò míì tí a máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: a ó fi irúgbìn kòkòrò kan tí ẹ̀mí rẹ̀ yi gan-an sínú ẹ̀rọ náà, bí ìyẹn bá kú, a mọ̀ pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. A máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ọjọ́, wákàtí, àti ẹni tó ṣe é. Ibi tí ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀.

Ohun kejì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò eyín, èyí tí ń han létí yẹn. Orí rẹ̀ ṣeé yọ. Ó gbọ́dọ̀ wọ autoclave lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan, torí itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ máa ń wọ inú rẹ̀ nígbà tó bá dúró. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi òwú tí wọ́n rì sínú sípírítì nù ún lára, tí wọ́n sì gbà pé ó ti mọ́. Inú rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀kẹta ni abẹ́rẹ́ apàrora tí wọ́n ń gún kí wọ́n tó yọ eyín. Gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tuntun ló yẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ìgò kékeré tí oògùn wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní ìdajì rẹ̀, ìdajì tó kù kò gbọ́dọ̀ kan ẹlòmíràn, bí wọ́n tiẹ̀ pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lè ti fà sẹ́yìn wọ inú rẹ̀. Ẹnì kan, abẹ́rẹ́ kan, ìgò kan. Kí wọ́n sì sọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò sínú àpótí líle tí kò ṣeé gún, kó má bọ́ sínú àpò ìdọ̀tí tí ọmọ ẹlòmíràn máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ létí títì. LAWMA, àjọ tó ń kó ìdọ̀tí ní Èkó, ní ètò tirẹ̀ fún kíkó ìdọ̀tí ilé ìwòsàn.

Táíwò, Àgíríìkì

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ béèrè, ṣé omi híhó kò tó ni? Ilé ìwòsàn kan tí mo mọ̀, hypo ni wọ́n máa ń rẹ irinṣẹ́ sí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ẹ̀bútẹ́

Ọmọ mi, omi híhó kì í ju 100°C lọ. Ó ń pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ kòkòrò, àmọ́ àwọn kan wà tó máa ń sé ara wọn mọ́ inú èèpo líle, wọ́n á la omi híhó kọjá, wọ́n á tún sọjí. Hypo dára fún ilẹ̀ àti fún ibi tí ẹ̀jẹ̀ ta sí. Bí o bá rẹ irin sí i lójoojúmọ́, yóò dípẹtà, ìpẹtà náà yóò sì di ibùgbé fún ìdọ̀tí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Kòkòrò rẹ̀ lè wà láàyè lórí nǹkan gbígbẹ fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí lè gbé e. Ẹni tó kó o lè má mọ̀ fún ọdún púpọ̀, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á sì ti máa bàjẹ́ lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àgbàlagbà máa ń gbà á: ti àkọ́kọ́, ti oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, àti ti oṣù 6. Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn eyín ló yẹ kó ti gbà á, ẹ̀yin náà tí ẹ kò tíì gbà á, ẹ lọ gbà á. Àwọn ọmọ wa ń rí i gbà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbà ọmọdé láti ọdún 2004. Àwa àgbà ló ṣẹ́ kù.

Ọmọ Ọ̀wútù

Iná ńkọ́? Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí irinṣẹ́ wà nínú autoclave?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ẹ̀bútẹ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Bí iná bá lọ kí àkókò tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Wọn kò lè ka ìṣẹ́jú tó ti lọ kún èyí tó kù. Nílùú wa yìí, ilé ìwòsàn eyín tí kò ní jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé irinṣẹ́ òun mọ́. Autoclave tó ń lo gáàsì wà, èyí náà dára bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n lò.

Mo gbàgbé nǹkan kan. Ọ̀pá kékeré tí ń fa itọ́ tí wọ́n máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu yín, ẹ má fi ètè mọ́ ọn bí ẹni ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí ẹ bá fi ètè mọ́ ọn, ohun tó wà nínú ọ̀pá lè padà sẹ́nu yín. Ẹ jẹ́ kó máa fà á fúnra rẹ̀. Omi tí ń jáde lára àga yẹn náà, ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kó dà nù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó gba ẹni àkọ́kọ́, àti díẹ̀ lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Omi tó sùn sínú rọ́bà tínínrín máa ń ní ìdọ̀tí tó ń yọ̀.

Dókítà eyín kan, Ìkòròdú

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, mi ò ní sọ ibi tí mo wà kó má baà dà bí ìpolówó. Nọ́ọ̀sì Àgbà, ẹ ṣé gan-an ni. Mo fẹ́ fi ti ẹni tó di irinṣẹ́ náà mú kún un.

Ẹni tó ń yọ eyín gbọ́dọ̀ jẹ́ dókítà eyín. Ọdún 6 la fi ń kà á ní yunifásítì, oyè rẹ̀ ni BDS tàbí BChD, lẹ́yìn náà a ó fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà. MDCN, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà àti dókítà eyín ní Nàìjíríà, ló ń forúkọ wa sílẹ̀, ọdọọdún la sì ń sọ ìwé àṣẹ wa dọ̀tun. Àwọn míì tún wà tí iṣẹ́ wọn níyì: òṣìṣẹ́ tó ń fọ eyín, tó sì ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ́jú ẹnu, àti ẹni tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ tiwọn, wọ́n ní ẹ̀kọ́ tiwọn. Ìṣòro máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ tó sì fa ẹ̀mú yọ. Ẹ béèrè tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni dókítà?” Kò sí dókítà tó yẹ kí ìyẹn bí nínú.

Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ náà ní ìwé. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, HEFAMAA ló ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀, ti ìjọba àti ti àdáni, tó sì ń lọ yẹ̀ wọ́n wò. Ibi tí aláìsàn ti ń dúró ló yẹ kí ìwé ẹ̀rí náà wà lára ògiri. Ẹ ka ọdún tó wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán eyín, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jáde tàbí kó sún sẹ́yìn kó tó tẹ̀ ẹ́. Aláboyún, ẹ tètè sọ.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni ohun tí dókítà bá bi yín kó tó ní kí ẹ la ẹnu. Ẹni tó kàn ní “ẹ la ẹnu” láìbéèrè nǹkan kan kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé. Ó yẹ kó béèrè bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn, ikọ́ fée, ọgbẹ́ inú. Bóyá ẹ lóyún. Bóyá oògùn kan máa ń ta kò yín, pàápàá penicillin. Bóyá ẹ̀jẹ̀ yín kì í tètè dá bí ẹ bá fara gé. Àti bóyá ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ SS. Ẹni tó jẹ́ SS lè yọ eyín, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ dè é, kí omi má gbẹ lára rẹ̀, kí kòkòrò má sì ráyè. Ó yẹ kí wọ́n wọn ìfúnpá yín. Bó bá ti tó 180/110, eyín tí kì í ṣe ti pàjáwìrì lè dúró kí ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun kí ẹ tó wá. Púpọ̀ nínú yín máa ń gbààwẹ̀ wá yọ eyín, wọ́n á dákú lórí àga, wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ló ṣe wọ́n.

Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó

Ẹ ṣé o, dókítà, Ọlọ́run á fún yín lókun. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn rẹ̀. Alábùkún tí mo sọ yẹn náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lá a báyìí. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí? Wọn kò sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, èmi ló máa ń bá wọn túmọ̀.

Dókítà eyín kan, Ìkòròdú

Ó kàn án, ìyá wa. Aspirin àti kaféènì ló wà nínú Alábùkún. Aspirin máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá. Ìyẹn kò sọ pé wọn kò lè yọ eyín, dókítà á kàn fi òwú tẹ̀ ẹ́ pẹ́ díẹ̀, tàbí kó rán ojú ibẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ orúkọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, ẹ kó páálí wọn dání, ẹ sọ ti àgbo náà. Kí wọ́n má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró nítorí pé wọ́n fẹ́ yọ eyín. Ẹni tí dókítà ọkàn fún ní oògùn tí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, bíi warfarin, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ rárá.

Ti èdè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú kọjá lórí rẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014 sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé fún aláìsàn ohun tó ń ṣe é, àwọn ọ̀nà ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti iye tó máa ná an, ní èdè tó yé e níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Aláìsàn tún ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò fẹ́. Ìkòròdú la wà, Yorùbá ni màmá ń sọ, ẹ ní kí wọ́n fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ẹ sì kọ́kọ́ béèrè bóyá eyín yẹn ṣì ṣeé tọ́jú. Ọ̀pọ̀ eyín tí wọ́n ń yọ ló ṣeé dí tàbí kí a wẹ inú gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ju yíyọ lọ ni gbogbo eyín dà bí èyí tó yẹ kó yọ lójú rẹ̀.

Baba Ìmọ̀tà

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tí kò lówó. Àdúgbò wa níbí, ọkùnrin kan wà tó máa ń yọ eyín, owó tó ń gbà kò tó nǹkan, ọjọ́ ọjà ló sì máa ń wá. Àwọn àgbẹ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ṣé kí wọ́n máa jẹ̀rora títí tí owó á fi dé? Ẹ má fi wọ́n ṣe òmùgọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Ẹ̀bútẹ́

Baba, ẹ kú ìrò. Ẹnikẹ́ni kò fi wọ́n ṣe òmùgọ̀. Eyín dídùn kì í jẹ́ kéèyàn ronú, mo ti rí ọkùnrin tó fẹ́ fi ẹ̀mú kápẹ́ńtà yọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó náà dáadáa. Ẹni tó ń lo ẹ̀mú kan náà fún gbogbo ọjà láti àárọ̀, láìsí autoclave, ń pín ẹ̀jẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ kiri. Ẹ̀dọ̀ tó bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí ọjọ́ ọjà yẹn. Nígbà míì gbòǹgbò á ṣẹ́ sínú, egungun àgbọ̀n á fọ́, aláìsàn á wá dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ojú tó wú, owó tí wọ́n ń sá fún á di ìlọ́po.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbà, ẹ jẹ́ kó lọ sí Jẹ́nẹ́rà. Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣètò ìbánigbófò Ìlera Èkó irú ìtọ́jú eyín tí wọ́n ń san. Àwọn ilé ìwòsàn àdáni kan máa ń gbà kéèyàn san án díẹ̀díẹ̀, ẹnu kì í wúwo láti béèrè. Àwọn tí àìsàn wọn bá le ju ti Ìkòròdú lọ, àwọn ilé ìwòsàn ńlá, LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, ni wọ́n máa ń darí wọn sí.

Baba Ìmọ̀tà

Mo gbọ́. Màá sọ fún wọn ní ìpàdé àdúgbò. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń sọ ọ́ o, kí àwọn tó ń ṣèjọba náà gbé ìtọ́jú eyín wá bá wa ní Ìmọ̀tà.

Alájà Sábó

Baba sọ òótọ́. Èmi náà fọwọ́ sí i.

Aṣerunlóge, Àgíríìkì

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí torí iṣẹ́ mi. Àwọn ọmọbìnrin máa ń bi mí bóyá mo lè bá wọn la èjí, bóyá mo mọ ẹni tó ń fún eyín ní àwọ̀ funfun, bóyá mo lè so rọ́bà mọ́ eyín wọn kó lè tò. Mo máa ń kọ̀. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa ń ṣe é, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ èékánná rẹ́ eyín. Ẹ̀yin dókítà, ẹ bá mi sọ fún wọn.

Dókítà eyín kan, Ìkòròdú

Ọlọ́run bù kún ọ, àbúrò. Èjí tí Ọlọ́run fúnni lẹ́wà, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ funfun líle tó bo eyín kì í hù padà. Bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ kúrò, ó lọ nìyẹn. Omi tútù á máa ta á, kòkòrò á ráyè wọlé, lẹ́yìn ọdún mélòó kan èjí á di ihò. Rọ́bà ló tún burú jù. Ó máa ń yọ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀ wọ abẹ́ ẹran ìdí eyín, á máa jẹ egungun tó di eyín mú, ẹni tó so ó á rò pé ó ti já bọ́. Mo ti rí eyín iwájú méjì tó dára tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì nítorí rọ́bà kékeré. Eyín títò, dókítà eyín ló ń ṣe é, ó sì máa ń gba àkókò. Irinṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì Àgbà sọ nípa ẹ̀jẹ̀ kàn án.

Alájà Sábó

Bí wọ́n bá wá ṣe wá ní ohun tí kò tọ́ ńkọ́? Ibo la máa gbé e lọ? Ká máa pariwo lórí Facebook nìkan kò to nǹkan.

Lọ́yà Ẹ̀bútẹ́

Alájà, ẹ kọ́kọ́ bá ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, bí ìdọ̀tí, àìní ìwé àṣẹ, tàbí irinṣẹ́ tí wọn kò sè, HEFAMAA ni kí ẹ kọ̀wé sí. Bó bá jẹ́ ìwà tàbí iṣẹ́ dókítà kan, MDCN ló ní àṣẹ lórí rẹ̀. Oṣù Keje ọdún 2018 ni wọ́n ṣe ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde fún gbogbo Nàìjíríà. Àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tó ti di FCCPC báyìí, ló wà nídìí rẹ̀, ẹ sì lè fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ wọn. Lára ẹ̀tọ́ náà ni kí ẹ rí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín. Ẹ má fi rìsíìtì ṣòfò, ẹ tọ́jú àwòrán eyín àti páálí oògùn tí wọ́n fún yín. Ẹjọ́ tí kò ní ìwé máa ń nira.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dárúkọ ilé ìwòsàn kankan níbí láìní ẹ̀rí. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, ẹ gbé e fún àwọn tó ní àṣẹ láti lọ wò ó.

Olùkọ́ Ìjẹ̀dẹ́

Ó kù kan o. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ́, kí ni ká ṣe? Bí a bá délé, oníkálukú ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí a fi ògógóró yọ́ ẹnu, ẹlòmíràn ní omi bátìrì.

Dókítà eyín kan, Ìkòròdú

Omi bátìrì, háà. Ásíìdì ni! Ó ń jó ẹran ẹnu àti egungun, kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tó yọ eyín tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ògógóró náà, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì sínú ihò yẹn ni ìwòsàn gan-an, òun ló ń bo egungun. Gbogbo ohun tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ yẹn, kí ó má baà yọ kúrò ni. Ẹ fi eyín tẹ gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 45 láìṣí i wò. Ẹ má tu itọ́, ẹ gbé e mì. Ẹ má yọ́ ẹnu fún wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹ má fi sítíróò mu nǹkan, ẹ má mu sìgá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ tàbí ògì tutù kí ẹ tó mu ún. Ní ọjọ́ kejì, ẹ po iyọ̀ mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ máa fi yọ́ ẹnu jẹ́jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Bí itọ́ bá pọ́n díẹ̀, ẹ má fòyà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dúró, ẹ tún fi gọ́ọ̀sì mímọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ padà síbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ìrora bá ti ń dínkù, tó wá ṣàdédé pọ̀ sí i ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, tí ẹnu sì ń rùn, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ti yọ nìyẹn. Ẹ padà lọ, wọ́n máa fọ̀ ọ́, wọ́n á fi oògùn sí i. Ẹ má lọ máa ra oògùn apakòkòrò (antibiotic) mu lọ́dọ̀ onípáítẹ́ǹtì.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ fi sùn mọ́jú. Bí ibi tó wú bá gba abẹ́ àgbọ̀n lọ sí ọrùn, tí aláìsàn kò lè gbé itọ́ mì, tí ahọ́n rẹ̀ ń gbéra sókè, tí ohùn rẹ̀ yí padà tàbí tí mímí ń ṣòro, ẹ gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì nílé ìwòsàn ńlá ní wákàtí yẹn gan-an, yálà wọ́n ti yọ eyín náà tàbí wọn kò tíì yọ ọ́. Ó lè dí ọ̀nà èémí. Òfin ọdún 2014 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì, nítorí náà, bí owó kò bá sí lọ́wọ́ yín ní òru yẹn, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀.